Òkè Tí Ó Rí Òkè: Bí Àwọn Ará Abúlé Ṣe Ń Kọ́ Íntánẹ́ẹ̀tì Ti Ara Wọn

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwùjọ tí kò lo wáyà ni ètò ìbánisọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìlú tàbí abúlé kan fi ọwọ́ ara wọn gbé kalẹ̀, tí wọ́n ń fi owó ara wọn tọ́jú, tí ó sì ń gba inú afẹ́fẹ́ gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti ibi tí ó wà dé ibi tí kò sí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbẹ́ ilẹ̀ láti ri okùn mọ́lẹ̀ láàárín ibi méjèèjì. Ẹ̀rọ tí ó ń lò kọ́ ni ó yà á sọ́tọ̀ sí ti àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, nítorí ọjà kan náà ni àwọn méjèèjì ti lè rà á. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni ẹni tí ó ni ín, ẹni tí ó ń gun òpó lọ tún un ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́, àti ẹni tí ó ń pinnu iye tí a óò máa san lórí rẹ̀.

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí irú ètò bẹ́ẹ̀ fi di dandan ní àwọn ibi tí ó jìnnà. Òpó ńlá kan ti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ń béèrè fún ilẹ̀, irin, jẹnẹrétọ̀, dísẹ́ẹ̀lì àti ẹ̀ṣọ́, gbogbo owó wọ̀nyí ni àwọn oníbàárà yóò sì san padà díẹ̀díẹ̀ lórí ìpè àti dátà tí wọ́n ń rà. Ní ìlú ńlá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń pín ẹrù náà gbé; ní abúlé tí ó ní ọgọ́rùn-ún ilé tí òkè àti igbó yà sọ́tọ̀ kúrò lára abúlé kejì, owó tí yóò wọlé lè má tó owó dísẹ́ẹ̀lì nìkan. Ilé iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ láti jèrè kò ní lọ síbẹ̀, bí ìjọba tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wá èrè ní tirẹ̀ lè ṣe ìṣirò kan náà kí ó sì rí ìdáhùn mìíràn, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó ń gbé sókè kì í ṣe òpó oní mítà àádọ́ta tí ó ń mu dísẹ́ẹ̀lì, bí kò ṣe ẹ̀rọ rédíò kékeré tí agbára iná rẹ̀ kò tó ti gílóòbù kan.

Abúlé Nangi ní agbègbè Myagdi, ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè Nepal, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí a ti kọ́kọ́ fi èyí hàn gbangba. Ẹsẹ̀ òkè Himalaya ni abúlé náà wà, ó ga ju 2000 mítà lọ sí ojú òkun, nígbà tí ọ̀rúndún ogún sì ń parí lọ, kò sí títì tí ọkọ̀ lè gbà débẹ̀, kò sí tẹlifóònù, kò sì sí iná mànàmáná ìjọba. Mahabir Pun, ọmọ bíbí abúlé náà tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó lọ kàwé ní Yunifásítì Nebraska ní ìlú Kearney, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, padà sílé ní àwọn ọdún 1990, ó sì bá àwọn ènìyàn rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ girama Himanchal sílẹ̀. Ní ọdún 1997, ilé ẹ̀kọ́ náà rí kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́rin gbà láti Ọsirélíà. Níwọ̀n bí kò ti sí iná, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré tí omi ń yí sínú odò tí ó ń ṣàn nítòsí, iná tí ó ti ibẹ̀ wá sì ni kọ̀ǹpútà náà ń lò. Àwọn ọmọ abúlé ti mọ kọ̀ǹpútà lò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ka lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ní láti fi ẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ó tó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú Pokhara.

Ní ọdún 2001, Pun kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìròyìn BBC láti béèrè ìmọ̀ràn lórí ọ̀nà tí abúlé bíi tirẹ̀ lè gbà rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìròyìn ìbéèrè rẹ̀ tàn káàkiri, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí wọ́n mọ iṣẹ́ rédíò sì wá láti ilẹ̀ òkèèrè láti ràn án lọ́wọ́. Ní ọdún 2002, wọ́n so Nangi pọ̀ mọ́ abúlé Ramche tí ó wà nítòsí, pẹ̀lú ẹ̀rọ Wi-Fi tí a ṣe fún inú ilé àti áńtẹ́nà tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà wọ́n wá ọ̀nà dé Pokhara. Ogun abẹ́lé ń jà ní Nepal lákòókò náà, ìjọba kò sì fẹ́ kí ẹ̀rọ rédíò wà lọ́wọ́ ará ìgbèríko, nítorí ìdí èyí, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n gbà kó ọ̀pọ̀ lára ẹ̀rọ náà wọlé. Níwọ̀n bí òkè ti dí Nangi lójú láti rí Pokhara, wọ́n gbé ẹ̀rọ agbàfúnni, ìyẹn ẹ̀rọ tí ó ń gba ọ̀rọ̀ láti apá kan tí ó sì ń tì í sí apá kejì, sí orí àwọn òkè tí ó ga jù, bíi Mohare tí ó ga ju 3000 mítà lọ. Ibi kan tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé orí igi ni wọ́n so ẹ̀rọ náà mọ́. Láti ibẹ̀ ni abúlé kan ti ń fà á dé abúlé kejì. Dókítà tí ó wà ní ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wo aláìsàn tí ó wà lórí òkè, olùkọ́ kan ń kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn darandaran tí ẹran wọn ń jẹ̀ lókè réré sì ń bá àwọn ará ilé wọn sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2007, a fún Pun ní Ẹ̀bùn Ramon Magsaysay, tí àwọn ará Éṣíà kà sí ọ̀kan lára àwọn ẹ̀bùn tí ó níyì jù lọ ní ilẹ̀ wọn.

Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé fi ọkàn sí nínú ìtàn Nangi ni bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ilé ẹ̀kọ́ ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Iná odò ti ń tàn kí áńtẹ́nà tó gòkè. Àwọn ènìyàn ti ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ rédíò létí wọn. Ní ibi tí a bá ti yí ètò yìí padà, tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ dé kí àwọn tí yóò ni ín tó péjọ, ìpẹtà ni ó sábà máa ń jogún rẹ̀.

Láti lóye ìdí tí orí òkè fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ irú ohun tí Wi-Fi jẹ́. Ìgbì rédíò ni, bíi ti rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n ó ń jà ju ti ìyẹn lọ lọ́nà púpọ̀: ìgbì rédíò FM ń jà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ti Wi-Fi ń jà ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.4 ìgbà, tàbí bílíọ̀nù 5 ìgbà sí òkè díẹ̀. Iye ìgbà tí ìgbì ń jà yìí ni a ń pè ní fíríkúẹ́ńsì, gígahéẹ̀tì kan sì jẹ́ bílíọ̀nù kan ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí fíríkúẹ́ńsì bá ṣe ń ga sí i ni ìgbì ń kúrú sí i: ti FM gùn tó mítà mẹ́ta, ti Wi-Fi onígígahéẹ̀tì 2.4 kò ju sẹ̀ǹtímítà 12 àti ààbọ̀ lọ, ti onígígahéẹ̀tì 5 sì jẹ́ bí ìdajì ìyẹn. Ìgbì gígùn lè yí òkè ká díẹ̀, ó sì lè la igbó kọjá. Ìgbì kúkurú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ ni ó ń rìn. Ibi tí kò bá lè rí, kò lè dé. Òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí àwọn áńtẹ́nà méjèèjì fi ojú kan ara wọn láìsí ilé, òkè tàbí igi láàárín, omi inú ewé ni ó sì mú kí igi burú tó bẹ́ẹ̀, nítorí omi a máa gba agbára ìgbì náà mọ́ra, ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa a sì máa dí i ju ewé gbígbẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà rédíò tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ti kú ní oṣù kẹfà nítorí pé igi kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí rú ewé.

Síbẹ̀, rírí nìkan kò tó. Ìgbì rédíò kì í rìn bí okùn tín-ín-rín tí a nà láti ibì kan dé ibì kejì. Ó ń gba àyè kan tí ó dà bí iṣu, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ní orí àti ní ìdí, tí ó sì yọ ikùn ní àárín. Àyè yìí ni a ń pè ní agbègbè Fresnel, láti inú orúkọ onímọ̀ ilẹ̀ Faransé, Augustin-Jean Fresnel, tí ó ṣe ìwádìí lórí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn. Bí ọ̀nà kan bá gùn tó kìlómítà mẹ́wàá, tí a sì ń lo gígahéẹ̀tì 2.4, láti àárín iṣu náà dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò tó nǹkan bíi mítà 18 ní ibi tí ikùn rẹ̀ ti tóbi jù, ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ sì ń tẹ̀lé ni pé kí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìwọ̀n yìí, ìyẹn bíi mítà 11, ṣófo pátápátá. Ní gígahéẹ̀tì 5.8, mítà méje tó. Ẹni tí ó bá fi awò-jíjìn wo òpó kejì láàárín ewé méjì, tí ó sì sọ pé òun ti rí i, kò tíì rí i ní ojú rédíò.

Ayé fúnra rẹ̀ sì rí róbótó. Ní kìlómítà mẹ́wàá, ikùn ilẹ̀ tí ó yọ sókè láàárín ibi méjèèjì kò ju bíi mítà méjì lọ, a sì lè fojú fò ó. Ní ọgbọ̀n kìlómítà, ó ju mítà 13 lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè fojú fò ó mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ń gbé lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ fi ń ná owó púpọ̀ lórí irin òpó, nígbà tí àwọn ará orí òkè ń fi páìpù mítà mẹ́ta ṣe iṣẹ́ kan náà. Ní ọdún 2007, olùwádìí kan, Ermanno Pietrosemoli, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Venezuela so òkè méjì tí ó jìnnà sí ara wọn ní kìlómítà 382 pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ Wi-Fi olówó pọ́ọ́kú àti áńtẹ́nà àwo ńlá, ọ̀kan nínú òkè náà sì ga ju 4000 mítà lọ. Ẹ̀rọ wọn kò ní idán kankan nínú. Òkè ni ó ṣiṣẹ́ náà.

Òmíràn tún ni ọ̀rọ̀ agbára. Ẹ̀rọ Wi-Fi inú ilé ń fọ́n agbára tí kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì kan jáde, bí jíjìnnà bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tí yóò dé òdìkejì yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Áńtẹ́nà tí ó ń kọjú sí apá kan ṣoṣo ni ó ń wo èyí sàn. Kò dá agbára tuntun kankan. Ó kàn ń kó èyí tí ì bá fọ́n ká sí gbogbo ìhà jọ sí apá kan, bí ẹni tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ká ẹnu láti pe ẹni tí ó wà ní òdìkejì odò. Àtúntò kan tún wà tí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí kì í sábà mọ̀. Ẹ̀rọ Wi-Fi a máa gé ọ̀rọ̀ sí ìdì kéékèèké, lẹ́yìn ìdì kọ̀ọ̀kan yóò sì dákẹ́ díẹ̀ kí ó lè gbọ́ èsì pé ìdì náà ti dé. Bí kò bá gbọ́ èsì lásìkò, yóò gbà pé ó ti sọnù, yóò sì tún un rán. Inú ilé ni a ṣe ìdákẹ́ yìí fún. Ìgbì rédíò ń rin mítà 300 nínú ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kìlómítà mẹ́wàá yóò gbà tó ìdá 67 nínú mílíọ̀nù. Bí a kò bá yí ètò ẹ̀rọ náà padà kí ó mú sùúrù ju bẹ́ẹ̀ lọ, èsì yóò máa dé lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti sọ ìrètí nù, ìdì kan náà ni yóò sì máa rán léraléra, títí àwọn ènìyàn yóò fi rò pé afẹ́fẹ́ ni ó burú. Àwọn ètò ọ̀fẹ́ bíi OpenWrt, tí a lè fi sínú ọ̀pọ̀ ráótà dípò èyí tí ó bá a wá láti ilé iṣẹ́, ń jẹ́ kí a yí ìdákẹ́ yìí padà.

Iná ni ó máa ń pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé ju ohunkóhun lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rédíò kò jẹ iná púpọ̀, ìṣirò rẹ̀ sì rọrùn tó pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè ṣe é: ibùdó orí òkè tí ó ń lo wáàtì mẹ́wàá tọ̀sán-tòru yóò jẹ wáàtì-wákàtí 240 lójúmọ́. Bátìrì onífóólìtì 12 tí ó ní áḿpíà-wákàtí 100 ń gba wáàtì-wákàtí 1200 sínú, ṣùgbọ́n irú bátìrì olójé tí a ń lò nínú ọkọ̀ àti ínfátà kò gbọdọ̀ gbẹ kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́, nítorí náà 600 ni a lè ná nínú rẹ̀, èyí tí ó tó ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ láìrí oòrùn. Bí oòrùn tí ó múná dáadáa bá jẹ́ wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ nígbà òjò, sólà oníwáàtì 60 yẹ kí ó tó lórí ìwé, síbẹ̀ ẹni tí ó gbọ́n yóò gbé oníwáàtì 100 sókè, nítorí eruku ọyẹ́, ìgbẹ́ ẹyẹ, ooru àti wáyà gígùn ń jẹ nínú rẹ̀. Àrá ni ọ̀tá kejì. Òpó tí ó dá dúró lórí òkè ń pè é, kò sì sí ohun tí ó lè gba ẹ̀rọ là bí àrá bá sọ̀ kalẹ̀ sórí rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n bí a bá so òpó náà mọ́ irin tí a rì jinlẹ̀ sínú ilẹ̀ tútù, tí a sì fi ẹ̀rọ tí ó ń darí agbára àrá sínú ilẹ̀ sí ẹnu wáyà kí ó tó wọlé, àrá tí ó sán nítòsí kò ní sábà jó ẹ̀rọ. Ní Dharamsala ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí àwọn ará Tibet tí ó wà ní ìgbèkùn ti ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn láti ọdún 2005, ọ̀bọ tún wà lórí èyí, tí wọ́n ń fi òpó ṣe igi ìṣeré, tí a fi ní láti ṣe àpótí ẹ̀rọ kí ó lè gba ìfàya wọn.

Íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ní láti ti ibì kan wá. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí abúlé fà á láti ìlú tí okùn fáíbà dé, kí ó rà á lọ́pọ̀, kí ó sì pín in ní kékeré. Sátẹ́láìtì ni ọ̀nà kejì: àwọn tí ó dúró lókè ibì kan ṣoṣo jìnnà sí ilẹ̀ tó kìlómítà 36,000, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ lọ́nà tó ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó gòkè kí ó sì tún sọ̀ kalẹ̀, àwọn tuntun bíi ti Starlink, tí ó wọ Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, ń fò ní nǹkan bíi kìlómítà 550, ìpẹ́ wọn kò sì tó ohun tí etí yóò mọ̀. Àwọn kan ń sọ pé sátẹ́láìtì yìí ti sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwùjọ di ohun àtijọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdílé àgbẹ̀ kan kò lè dá owó rẹ̀ san lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ìdílé lè pawọ́ pọ̀ san án bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà tí yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà olúkúlùkù, bí ìlànà ẹni tí ó ń tà á bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ owó ti wọlé ni ó yẹ kí a ti lọ sí Mankosi, àwùjọ abúlé kan ní etí òkun Eastern Cape ní South Africa. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Western Cape bá àwọn ará Mankosi jókòó, pẹ̀lú àṣẹ àwọn olóyè wọn, ẹnu wọn sì kò pé kí a gbé ẹ̀rọ sí orí ilé àwọn ènìyàn tí àwọn ará abúlé fúnra wọn yàn. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Zenzeleni, tí ó túmọ̀ sí "ẹ ṣe é fúnra yín" ní èdè Xhosa. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní iná lákòókò náà, tí àwọn ènìyàn ń sanwó láti gba iná sí fóònù wọn, nítorí náà sólà tí ó ń bọ́ ẹ̀rọ rédíò ni wọ́n tún fi ń gba iná sí fóònù ará abúlé, owó kéékèèké tí ó ti ibẹ̀ wọlé ni ó sì di owó àkọ́kọ́ nínú àpò ẹgbẹ́. Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ti ń pa owó lórí iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ ìwúlò rẹ̀ kí ó tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó wá ra íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2014, wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin, wọ́n sì gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àjọ tí ó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè náà láti máa ṣiṣẹ́ láìsan owó láísẹ́ǹsì tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń san.

Àwọn Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀wẹ̀ àti aáró, ìyàtọ̀ yìí sì ṣe àlàyé ìdí tí Mankosi fi dúró tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn fi wó. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ń pe ènìyàn wá sí iṣẹ́ kan ṣoṣo, yóò fún wọn ní oúnjẹ àti ẹmu, nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, kálukú yóò gba ilé rẹ̀ lọ. Nínú aáró, iṣẹ́ tí a bá ṣe lóko ẹnì kan lónìí jẹ́ gbèsè tí òun náà yóò san lóko ẹlòmíràn lọ́la, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé iṣẹ́ ti parí. Púpọ̀ nínú ètò íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olùrànlọ́wọ́ ń gbé wá sí ìgbèríko jẹ́ ọ̀wẹ̀: wọ́n dé, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ òpó, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, bátìrì kú, kò sì sí ẹni tí ó mọ ẹni tí yóò ra òmíràn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ tán. Bátìrì olójé yóò kú láàárín ọdún mélòó kan, wáyà yóò gbó, igi yóò ga, ètò inú ẹ̀rọ yóò sì nílò àtúnṣe. Ẹgbẹ́ tí kò bá ń fi owó bátìrì tí ń bọ̀ pamọ́ láti oṣù àkọ́kọ́ ti dá ọjọ́ ikú nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀.

Guifi.net tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004 ní agbègbè Osona, ní ìgbèríko Catalonia ní Sípéènì, gba ọ̀nà mìíràn lọ sí ibi kan náà. Níbẹ̀, olúkúlùkù ni ó ni ẹ̀rọ tí ó wà lórí òrùlé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tí gbogbo wọn fọwọ́ sí sọ pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lè gba orí rẹ̀ kọjá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà oko ṣe ń gba inú oko ẹnì kan dé ti ẹlòmíràn láìjẹ́ pé olóko dí i. Àwọn oníṣòwò náà lè gba ọ̀nà yìí ta íntánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n bá ń dá sí owó àtúnṣe rẹ̀ bí ìlò wọn ti pọ̀ tó. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn aládùúgbò tí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kò kà sí ti ní ju ibùdó 30,000 lọ.

Nípa òfin, àwọn fíríkúẹ́ńsì tí Wi-Fi ń lò wà lára àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣí sílẹ̀ fún irú ìlò bẹ́ẹ̀ láìgba láísẹ́ǹsì ní ọdún 1985, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n òmìnira láti lo ìgbì kì í ṣe òmìnira láti ta íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá fẹ́ tà á ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ NCC tí ó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí àjọ náà ya ọ̀nà kan tí ó rọrùn sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù abúlé, bí ti South Africa ti ṣe fún Mankosi, nítorí kò bá ìdájọ́ òdodo mu láti fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ẹgbẹ́ tí ó ní ogójì ilé àti ilé iṣẹ́ tí ó ní mílíọ̀nù oníbàárà.

Iṣẹ́ náà kò sì ṣàjèjì sí ilẹ̀ yìí. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti bá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ físíìsì àgbáyé ICTP tí ó wà ní ìlú Trieste ní Ítálì ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí kíkọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní Kafanchan, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Kaduna, Fantsuam Foundation, tí yíyá àwọn obìnrin ìgbèríko ní owó kéékèèké wà lára iṣẹ́ rẹ̀, dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ZittNet sílẹ̀, tí ó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí sátẹ́láìtì tí ó sì ń fi ìgbì rédíò pín in fún àwọn ará ìlú. Àwọn tí ó ti mọ bí a ṣe ń gba owó tí a yá ènìyàn padà ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá abúlé tirẹ̀ lè ṣe é kò nílò láti kọ́kọ́ ra ohunkóhun. Kí ó pe ẹni méjì tí àwọn ará abúlé lè fọkàn tán pẹ̀lú owó, kí wọ́n jọ gun orí ilẹ̀ tí ó ga jù lọ ní àgbègbè wọn ní òwúrọ̀ kan lẹ́yìn òjò, nígbà tí eruku kò sí lójú ọ̀run, tí igi sì wà pẹ̀lú gbogbo ewé rẹ̀, kí wọ́n sì wo ìhà ìlú tí okùn fáíbà ti dé. Bí wọ́n bá rí i láti ibẹ̀, kí wọ́n sàmì sí ibi tí wọ́n dúró, kí wọ́n sì lọ bá ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà sọ̀rọ̀.